Sukúrú Tí Kò Kan Nǹkan Kan

Ẹ má tíì dá mi lẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ irú èèyàn tí Delmar Pinkham jẹ́ ná. Bí ẹ bá gbọ́ tán tí ẹ ṣì fẹ́ dá mi lẹ́bi, mi ò ní bá yín jà, nítorí mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ohun tí mo ṣe kò dùn nígbà tí mo ń ṣe é. Ó dùn bí oyin.

Verna lorúkọ mi. Mo ti kọjá àádọ́ta ọdún. Ẹ̀rọ ìgégi ni mo ń tún ṣe nínú ilé pákó kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa, ní àríwá Maine níhìn-ín, níbi tí ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìgégi ti dà bí ẹni tí kò ní bàtà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ Orrin ọkọ mi lọ́wọ́ ni mo tú palẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ, tí mo sì tò padà. Ó dáhùn. Orrin ò dúpẹ́. Ó ní mo fi ọ́ìlì ba aṣọ tábìlì jẹ́. Bí mo ṣe di mẹkáníìkì nìyẹn.

Delmar ni ẹ̀gbọ́n Orrin. Delmar kì í tún nǹkan ṣe o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Sukudiráfà ni Delmar ní. Kékeré ni, èkù rẹ̀ pupa, inú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló sì máa ń wà, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ń ki bírò sí. Ibikíbi tó bá ti gbọ́ ohùn ẹ̀rọ ìgégi, á yà síbẹ̀. Á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìyẹ tó rí kòkòrò, á ní, "Gbé e wá, jẹ́ n bá ẹ tún ohùn ẹ̀ ṣe."

Sukúrú tó wà lára kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, ló máa ń yí. Bí ẹ bá yí i síta, epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì á pọ̀ sí i. Bí ẹ bá yí i wọlé, epo á dín kù. Delmar ò mọ ọ̀nà ìta. Á yí i wọlé, yí i wọlé, títí ẹ̀rọ á fi máa han gooro, tí gbogbo ọkùnrin tó wà nítòsí á máa mi orí pé agbára dé.

Wọn ò mọ̀ pé igbe ebi ni. Epo yẹn náà ló ń gbé ọ́ìlì tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára wọlé. Ẹ̀rọ tí ebi epo bá ń pa, inú ara rẹ̀ ló ń jó. Ẹ̀rọ tèmi máa ń kùn díẹ̀ bí kò bá tíì kan igi, bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun. Bó bá wọnú igi tán, kíkùn náà á pa rẹ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ràn ohun tó ń kùn?

Ẹ gbọ́ ti Lyle Doucette. Lyle gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá, mo tún un ṣe, ó gbé e lọ. Ó bá Delmar pàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń mu kọfí láàárọ̀. Delmar yí i. Ó han. Inú Lyle dùn. Kò pẹ́ kò jìnnà, písítìnì jóná. Ta ni Lyle wá bá jà? Èmi Verna. Ó ní mi ò ṣe é dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ọpẹ́lọpẹ́ Delmar tó bá òun tún un ṣe, ì bá ti kú tipẹ́.

Mo gbé písítìnì tó jóná náà sójú ẹ̀. Mo ní kó wo bó ṣe rí. Ó wò ó, ó ní, "Ìwọ náà lo ṣí inú ẹ̀ kẹ́yìn."

Ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń ba orúkọ èèyàn jẹ́.

Ìgbà ooru ń lọ sópin lọ́dún tó kọjá nígbà tí mo gbọ́ tí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé pákó mi. Delmar ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé nǹkan kan tó fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé.

Mo ní, "Ọmọ tuntun ni? Ta ló bí i?"

Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

Ó tú búláńkẹ́ẹ̀tì. Háà. Ẹ̀rọ Bàbá Hollis ni. Bàbá ọkọ mi ni Bàbá Hollis. Ẹ̀rọ náà ti dàgbà, aláwọ̀ ìyeyè ni, ó wúwo bí ọmọ màlúù. Òun ni bàbá fi gé gbogbo òpó tó gbé ilé wa dúró. Nígbà tí bàbá ń kú lọ, ó pe àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì, ó fún Orrin ní ilé, ó fún Delmar ní ẹ̀rọ. Títí di òní, Delmar gbà pé ìpín tòun ló dára jù. Ní àdúgbò tiwa, èèyàn púpọ̀ ni kò ní bá a jiyàn.

Ó ní, "Kò sáré mọ́. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, á kú."

Mo bi í pé kí ló ti ṣe sí i. Ó ní òun ti yí i.

"Yí i síbo?"

"Síbi gbogbo."

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Mo sọ ọ́ sí i létí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n búra pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Orrin. Mo ní ṣé kí n lọ gbé Bíbélì wá ni. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu mi tó. Ó wá tún un sọ ní ohùn jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ̀rọ bàbá mi ni, Verna." Mo búra.

Kò sí ohun tó ṣe sukúrú. Àsẹ́ kékeré tó ń sẹ́ epo nínú kábúrétọ̀ ló ti dí, awọ pẹlẹbẹ tó ń fa epo sì ti gan bí ìpẹ́pẹ́ àkàrà àná. Mo fọ àsẹ́, mo pààrọ̀ awọ. Mo gbé e síta, mo dán an wò lára ìtì igi, mo ń yí sukúrú díẹ̀díẹ̀, mo ń fetí sí i. Ó kùn. Mo tẹ̀ ẹ́ wọ igi, kíkùn náà pa rẹ́, èéfín tín-ín-rín jáde, ohùn rẹ̀ jinlẹ̀. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ohùn tí mo máa ń gbọ́ nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun, tí Bàbá Hollis bá wà nínú igbó, ohùn yẹn gan-an ni.

Ibi tó yẹ kí n dá a dúró sí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo wo orí sukúrú náà. Delmar ti fi sukudiráfà jẹ ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ gbogbo, bí egungun tó bọ́ sẹ́nu ajá. Mo mọ̀ pé bó bá ti gbé e dé ìta ṣọ́ọ̀bù kọfí, á yí i wọlé, á pa á, á sì ní èmi ni mo pa á.

Mo sọ fún ara mi pé àánú ẹ̀rọ bàbá ló ń ṣe mí. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ Lyle ló wà lọ́kàn mi.

Báyìí ni mo ṣe é. Mo fi sukúrú gidi síbi tó yẹ kó wà, mo gé orí rẹ̀, mo fi gúlúù tó ń le bí irin dí i pa sínú ihò rẹ̀. Kò lè lọ, kò lè bọ̀ mọ́. Mo wá mú sukúrú kúkúrú kan, mo fi sípíríǹgì sí i lọ́rùn kó lè máa le díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń yí i, mo fi í sẹ́nu ihò náà. Ó rẹwà. Kò kan nǹkan kan. Ẹ lè yí i títí Jésù á fi dé.

Delmar wá gbé e. Ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kíákíá, bí ẹni tó ń tutọ́. Ó tún fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi náà lọ mu kọfí. N kì í lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo bá a níbẹ̀ lóòótọ́, ó ti gbé ẹ̀rọ ka ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń ròyìn fún wọn bí òun ṣe jókòó tì í, tí òun fi ìfarabalẹ̀ wo àìsàn rẹ̀ sàn. Ó tan án. Ó yọ sukudiráfà pupa. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yí i.

Ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ?"

Lyle ní, "Ó ti ń mọ́ díẹ̀."

Ó tún un yí. "Báyìí ńkọ́?"

Lyle di ojú, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn. Má fọwọ́ kàn án mọ́. Ibẹ̀ yẹn gan-an."

Mo ki ojú bọnú ife kọfí mi. Ó gbóná, ó jó mi nímú, mi ò yọjú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, n kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Orrin ti já sínú odò pẹ̀lú àwọ̀n ẹja lọ́wọ́. Ojoojúmọ́ ni mo wá ń mu kọfí.

Àfi bí eérú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í padà tọ ẹni tó dà á wá.

Ẹ̀rọ Delmar ò kú. Báwo ló ṣe máa kú? Èmi ni mo tún un ṣe. Ó ń yí i lójoojúmọ́, ó ń gé igi bí ẹni gé bọ́tà. Ni àwọn èèyàn bá gbà pé ọwọ́ Delmar ti mọ́ níṣẹ́. Wọ́n ń gbé tiwọn fún un kó yí i. Tiwọn ń jóná, nítorí sukúrú gidi ló wà lára tiwọn. Wọ́n á sì gbé òkú ẹ̀rọ wá bá mi, wọ́n á ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Mo ní Delmar ló pa á. Wọ́n ní, "Tirẹ̀ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ọwọ́ kan náà ló ń yí i ni?"

Kí ni mo fẹ́ wí? Bí mo bá la ẹnu, mo ti da ìbúra. Yàtọ̀ síyẹn, wọ́n á gbọ́ pé mo fi ẹ̀tàn sínú ẹrù oníbàárà. Mo pa ẹnu mọ́. Ilé pákó mi dákẹ́, kò sẹ́ni tó ń gbé iṣẹ́ tuntun wá mọ́. Orrin pàápàá, ọkọ tí mo fẹ́ sílé, jókòó sídìí oúnjẹ lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní ó jọ pé Delmar mọ iṣẹ́ yìí ju bí èmi ṣe rò lọ. Ẹ̀wà tí mo bù fún un lọ́jọ́ náà ò ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kankan nínú. Ó wá a títí.

Lọ́dọọdún, kí yìnyín tó bo ilẹ̀, gbogbo wa máa ń péjọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì láti gé igi ìdáná fún àwọn tí kò lágbára àtigé tiwọn. Màmá Farnham ló ń darí rẹ̀. Opó ni, ó ti dàgbà gan-an, òun náà sì ń gbà nínú igi náà. Inú ọkọ̀ rẹ̀ ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlégbóná, á sì máa pín dónọ́ọ̀tì láti ojú fèrèsé.

Òtútù ńlá já lé wa lórí lójijì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo dúró.

Òtútù. Mo ti gbàgbé òtútù.

Bí òtútù bá mú, afẹ́fẹ́ máa ń ki. Ẹ̀rọ tí epo ti tó nígbà ooru, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa níbí fi ń yí sukúrú síta díẹ̀ bí ìgbà òtútù bá wọlé. Kò sí ọmọ tó mọ ẹ̀rọ tí kò mọ èyí. Mo sì ti dí sukúrú Bàbá Hollis pa nínú ooru, èmi tí wọ́n bí sínú yìnyín, nítorí pé mo ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo fi dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Delmar ti tan án. Mo gbọ́ ọ láti ojú títì. Kíkùn ti lọ. Igbe ni, gooro, tín-ín-rín. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Lyle ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé kò tíì dùn tó báyìí rí.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ èyí náà, nítorí òun ló burú jù. Mo dúró. Mo rò ó wò: ìtì kan sí i, bóyá méjì, á jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ayé. Orúkọ mi á mọ́. Gúlúù á jóná pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e wá bá mi, kí n kó gbogbo rẹ̀ dà nù. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé. Ohun tí mo nílò láti ṣe ò ju kí n lọ gba dónọ́ọ̀tì.

Mo ti ń rìn lọ síbi dónọ́ọ̀tì.

Ni Delmar bá yọ ẹ̀rọ kúrò nínú igi. Ó tẹ orí. Kì í ṣe bíi ti adìyẹ. Ó fetí sí i bí èèyàn ṣe ń fetí sí àyà ọmọ tó ń wú kọ́. Ó yọ sukudiráfà pupa, ó sì yí sukúrú náà síta. Síta o! Díẹ̀, jẹ́jẹ́, ibi tí èmi náà ì bá yí i sí. Ohùn ò yí padà. Ó tún un yí. Kò yí padà. Ó wo ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń pe bàbá rẹ̀ tí bàbá ò dáhùn.

Ó gbọ́ ọ. Láàárín gbogbo àwọn tó ń pàtẹ́wọ́, òun nìkan ló gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Ẹni tí mo ti ń pè ní adití lọ́kàn mi láti ọjọ́ yìí wá.

Mo sáré. Bí mo ṣe tóbi tó yìí, mo sáré nínú òtútù, mo na ọwọ́, mo pa ẹ̀rọ náà.

Delmar ní, "Kí ló dé?"

Mo ní, "Má tan án mọ́. Á jóná."

Ó ní òun mọ̀, òun ń yí i ni, kò gbọ́ràn.

Mo mú sukúrú náà, mo fi ìka méjì tú u jáde pẹ̀lú sípíríǹgì rẹ̀, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó kúrú bí eyín ọmọ ọwọ́. Ó wò ó.

"Kí wá ni mo ti ń yí?"

"Kò sí."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí o ti gbé e wá bá mi."

Gbogbo rẹ̀ ni mo kà sílẹ̀ níbẹ̀: búláńkẹ́ẹ̀tì, àsẹ́ tó dí, gúlúù, òtútù tí mo gbàgbé. Mo ń sọ̀rọ̀, èéfín ń jáde lẹ́nu mi. Nígbà tí mo parí, Màmá Farnham fa fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀ walẹ̀ dáadáa.

Ó ní, "Verna, jẹ́ kó yé mi. Lyle tó ń di ojú, tó ń gbọ́wọ́ sókè, kí ló ń gbọ́?"

Mo ní, "Nǹkan kan ò yí padà, Mà. Ẹ bi òun fúnra ẹ̀."

Lyle wo bàtà ara rẹ̀. Ẹnì kan fọ́n kọfí jáde nímú. Ẹ̀rín bú, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá Lyle lẹ́yìn, bí ẹni pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń mi orí nígbà náà. Ó ń dùn mọ́ èmi náà bọ̀.

Delmar ò rẹ́rìn-ín. Ó ní mo búra fún òun.

Mo ní mo pa á mọ́ títí di òní, mi ò sì búra pé mi ò ní ṣe nǹkan kan. Ẹnu mi ni. Bó ṣe ń jáde ni mo ti ń fẹ́ gbé e mì padà.

Ó rọra fi sukúrú kúkúrú náà sápò àyà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sukudiráfà rẹ̀. Ó ní, "O mọ ẹ̀rọ ẹni tó jẹ́."

Ẹ̀rín dá. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Lyle, kò pariwo: "Tèmi ńkọ́, Verna? Kí lo fi sínú tèmi?"

Mo ní kò sí nǹkan kan nínú tirẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo rí i tí gbogbo wọn ń wo ẹ̀rọ ọwọ́ wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ejò wà nínú bàtà. Orrin pàápàá wo tirẹ̀. Kò sí ìyà tí wọ́n lè fi jẹ mí tó ju ìyẹn lọ. Gbogbo ọdún tí mo fi fọ àsẹ́, tí mo fi fetí sílẹ̀, tí mo fi tẹ́tí sí àròyé àwọn ọkùnrin tí kò mọ ìta yàtọ̀ sí inú, sukúrú kan ló dáná sun ún. Delmar kọ́ ló sun orúkọ mi níná. Èmi fúnra mi ni.

Màmá Farnham ló dá ẹjọ́. Ó ní láti òní lọ, kí n máa ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ bí mo bá ń ṣiṣẹ́, títí wọ́n á fi gbàgbé. Ó wá kìlọ̀ fún mi pé ọpọlọ òun ṣì pé, òun kì í tètè gbàgbé.

Mo ṣiṣẹ́ jálẹ̀ ìgbà òtútù pẹ̀lú ilẹ̀kùn ṣíṣí. Wọ́n ń gbé àga wá. Wọ́n ń jókòó tì mí, wọ́n ń bi mí pé kí nìyẹn, kí nìyí, wọ́n ń jẹ dónọ́ọ̀tì, èérún ń bọ́ sínú iṣẹ́ mi. Inú ń bí mi títí di ìsinsìnyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún nǹkan ṣe fún èèyàn, bẹ́ ẹ jẹ́ télọ̀, bẹ́ ẹ jẹ́ mẹkáníìkì, bí oníbàárà bá yájú sí yín, ẹ bú u lójú ẹ̀. Ẹ lé e jáde. Ẹ má fi èsì yín sínú ẹrù ẹ̀, nítorí ẹrù gbogbo oníbàárà yòókù ni ẹ ti fi í sí.

Ẹ̀rọ Bàbá Hollis ni mo kọ́kọ́ tún ṣe. Delmar jókòó tì mí. Mo lu gúlúù jáde díẹ̀díẹ̀, mo fi sukúrú gidi sí i. A gbé e síta, a tan án nínú òtútù. Mo na ọwọ́ pé kó fún mi ní sukudiráfà.

Kò fún mi. Ó yọ pupa tirẹ̀, ó tẹ orí, ó yí i síta, ó dúró, ó dá a padà bíńtín. Ẹ̀rọ náà kùn. Ó tẹ̀ ẹ́ wọ igi, kíkùn náà pa rẹ́.

Ó wò mí, ó ní, "Ńkọ́?"

Mo fetí sílẹ̀ dáadáa. Mo wá àléébù títí, mi ò rí. Ẹ̀yin èèyàn mi, òun ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.